Òkúta àbúrò mi lè tàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n wúrà kì í tàn

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o, ẹ kú làálàá. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì ni mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, mo sì máa ń kà á tán pátápátá, títí kan ìkéde òkú. N kò kọ lẹ́tà sí yín rí. Ohun tó mú mi gbé bírò lọ́tẹ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ tí akọ̀ròyìn yín kan kọ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn lórí òkúta tó ń tan ìmọ́lẹ̀. Ó ní àwọn òyìnbó ní ẹ̀rọ kan tó ń ta ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ohun tíńtín inú iná mànàmáná, sí òkúta lára, pé èyí tó bá mọ́lẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ náà, ọrọ̀ wà nínú rẹ̀, èyí tí kò bá mọ́lẹ̀, òkúta lásán ni. Ìdajì àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, òótọ́ ni. Irú ọ̀rọ̀ ìdajì kejì ni ẹnì kan ti fi gba ₦450,000 lọ́wọ́ àbúrò mi.

Kí n tó dé orí ìyẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí mo jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìyá arúgbó kan ló ń ṣàròyé kiri. Ọmọ Iléṣà ni mí. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi ṣiṣẹ́ ní Aberdeen, ní Scotland, ní láàbù tí wọ́n ti ń yẹ òkúta wò. N kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n o. Agékùúta ni mí. Bí wọ́n bá gbé òkúta wá láti inú kànga epo ìsàlẹ̀ òkun, èmi ni màá fi ayùn oní-dáyámọ́ǹdì gé e, màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí pẹlẹbẹ, màá wá máa fi ìyẹ̀fun líle àti omi lọ̀ ọ́ títí yóò fi ku 0.03 mìlímítà. Ìwé ìròyìn yín gan-an nípọn jù ú lọ. Àwọ̀ rẹ̀ ni mo fi ń mọ̀ pé ó ti tó: bí mo bá gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù tó ní fílítà méjì tó dábùú ara wọn, hóró iyanrìn inú rẹ̀ á ṣì máa yọ àwọ̀ ìyeyè, bí mo bá ń lọ̀ ọ́ lọ, á di funfun, á di eérú. Níbẹ̀ ni kí ọwọ́ dúró. Ìṣẹ́jú kan péré sí i, òkúta tí wọ́n ná owó rẹpẹtẹ kí wọ́n tó gbẹ́ jáde ti bá omi lọ. Mo ti sunkún lórí èyí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Òkúta tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ẹ mọ̀ ọ́n. Òkúta funfun tó máa ń gé ọmọ lẹ́sẹ̀ lọ́nà oko ni. Kúọ́ọ̀tìsì ni wọ́n ń pè é. Nínú iyanrìn tí bíríkìlà ń pò mọ́ sìmẹ́ǹtì, òun ló pọ̀ jù. Iyanrìn Igbókòdá tó funfun bí iyọ̀, òun ni. Dígí fèrèsé, òun ni wọ́n yọ́ pọ̀ mọ́ nǹkan mìíràn. Sílíkọ́ọ̀nù kan, ọ́ksíjìn méjì: sílíkọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì, tí wọ́n tún ń pè ní sílíkà. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, a máa ń ṣa méjì nínú rẹ̀, a ó wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá wa lálẹ́, a ó máa fi wọ́n ra ara wọn kíkankíkan. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ọsàn kan á yọ fẹ́ẹ́rẹ́ nínú òkúta náà, á sì máa rùn bí ohun tó jóná. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó dán an wò lálẹ́ òní, kó pa iná. Akọ̀ròyìn yín ì bá ti bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, torí bí òkúta tó ń tàn bá jẹ́ ọrọ̀, gbogbo ọmọ àdúgbò wa ni ì bá ti di olówó.

Ọ̀nà tí ẹ̀rọ òyìnbó ń gbà mú un tàn yàtọ̀ sí tiwa yẹn, ṣùgbọ́n kò ṣàjèjì. Ẹni tó bá ti ní tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ rí, èyí tó yọkùn sẹ́yìn, ó ti ní in nílé láìmọ̀. Nínú ikùn yẹn ni irin tín-ínrín kan wà tó ń gbóná, tó ń tu ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù jáde bí ẹni tu èèpo ẹ̀pà. Wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ dànù kí nǹkan kan má baà dí wọn lọ́nà. Iná tó tó nǹkan bíi 25,000 fólítì nínú èyí aláwọ̀ mèremère ló ń fà wọ́n wá síwájú, wọ́n á ya lu ìyẹ̀fun tí wọ́n kùn sẹ́yìn dígí, ìyẹ̀fun náà á mọ́lẹ̀. Bí àwọn ará Ìbàdàn ṣe rí àwòrán nígbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní 1959 nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ á rántí tóótó funfun tó máa ń kù sáàárín dígí bí a bá pa tẹlifíṣọ̀n, tí a ó jókòó máa wò ó títí yóò fi kú. Ẹ̀rọ wa ní Aberdeen, tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n yọ ìyẹ̀fun rẹ̀ tí wọ́n fi òkúta dípò ni. Fólítì tiwa kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nǹkan bíi 14,000. Ọgbọ́n náà ti pẹ́: onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, William Crookes, ti fi dáyámọ́ǹdì àti òkúta rúbì sínú ìgò tó ti fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ dànù ní Ìlú Òyìnbó ní 1879, ó sì fi han àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń tàn.

Kúọ́ọ̀tìsì kì í ṣe aláriwo o. Òkúta tí wọ́n ń lọ̀ ṣe sìmẹ́ǹtì, bí mángáníìsì bá wà nínú rẹ̀ díẹ̀, á tàn bí ẹyín iná, kò ní jẹ́ kó o wá a. Ti kúọ́ọ̀tìsì dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nílé òkú. Màá pa gbogbo iná, màá fi aṣọ dúdú di abẹ́ ilẹ̀kùn, màá jókòó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ojú mi tó mọ òkùnkùn lára. Pọ́ǹpù tó ń fa afẹ́fẹ́ á máa kùn bí ẹ̀rọ ìlọta tó wà ní ilé kẹta. Ojú fèrèsé kékeré kan ni mo fi ń wò ó, dígí rẹ̀ ní òjé nínú nítorí ẹ̀rọ náà ń tu X-ray jáde. Lẹ́yìn náà ni màá yí bọ́tìnì díẹ̀díẹ̀. Níbi tí n kò rí nǹkan kan tẹ́lẹ̀, hóró kan á yọ bí aró tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ. Hóró ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á pupa bí omi tíì tó ṣá. Òmíràn á jẹ́ àdàlù àwọ̀ méjèèjì. Láàárín gbogbo wọn, níbi tó jẹ́ pé máíkírósíkóòpù lásán á sọ fún ọ pé òkúta kan náà ló lọ gbọọrọ láìsí ojú ìránpọ̀, òkùnkùn ni o máa rí, bí odò tó ń ṣàn yí erékùṣù ká.

Òkùnkùn yẹn gan-an ni àwọn elépo ń sanwó fún. Inú ihò àárín hóró iyanrìn ni epo máa ń dúró sí. Níbi tí ilẹ̀ bá ti jìn, tí ooru rẹ̀ ń sún mọ́ 100 díẹ́gírì, sílíkà tó ti yòrò mọ́ omi á tún dì, á lẹ̀ mọ́ ara hóró àtijọ́, á sì dí ihò náà pa. Hóró àti èyí tó lẹ̀ mọ́ ọn, kúọ́ọ̀tìsì ni àwọn méjèèjì, wọ́n tò ara wọn pọ̀ débi pé ojú kò lè yà wọ́n. Lábẹ́ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, hóró á tàn, èyí tó lẹ̀ mọ́ ọn á ṣókùnkùn tàbí kó kàn pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ní 1968 ni onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Sippel kọ̀wé lórí èyí ní Amẹ́ríkà. Ní 1978, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Zinkernagel wá to àwọ̀ wọn lẹ́sẹẹsẹ: èyí tó wá láti inú òkè ayọná tàbí àpáta tó tutù kíá sábà máa ń ní àwọ̀ aró, èyí tó wá láti inú àpáta tí ooru àti ìfúnpọ̀ ti yí padà tó sì tutù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pupa bí ilẹ̀, èyí tó dì nínú ilẹ̀ tí kò gbóná púpọ̀, kì í fẹ́ẹ̀ tàn rárá. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ti rí i pé ọ̀rọ̀ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a ṣì ń fi ṣe àtẹ̀gùn.

Mo ya irú ìmọ́lẹ̀ yìí ní fọ́tò lára òkúta láti agbègbè Brent, oko epo tí wọ́n rí lábẹ́ Òkun Àríwá ní 1971. Nígbà yẹn, fíìmù ni a ń lò. Ojú kámẹ́rà á wà ní ṣíṣí fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ìmọ́lẹ̀ tíńtín yẹn tó wọ fíìmù. Bí ẹnì kan bá fi ìdí kan tábìlì, ó di dandan kí a tún un ṣe. Àtúnṣe náà kì í sì í rí bákan náà, nítorí pé ohun tí a fi ń wo òkúta yìí ń ṣe é lára. Bí o bá jẹ́ kí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù bá ojú kan pẹ́, àwọ̀ aró rẹ̀ á máa ṣá, pupa á máa gorí rẹ̀. Inú òkúta funfun tí omi gbígbóná mú wọ inú pàlàpálá àpáta, irú èyí tó pọ̀ nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ni mo ti rí èyí tó yára jù: ó kọ́kọ́ yọ bí àwọ̀ ewé tó pò mọ́ aró, kí n tó ka ọgọ́ta, ó ti di pupa rúsúrúsú. Ọ̀gá mi, ará Scotland tí kì í rẹ́rìn-ín, máa ń sọ pé òkúta náà ń tijú.

Ohun tó ń mú un tàn, àbùkù ara rẹ̀ ni. Ẹ fojú inú wo aṣọ òfì. Bí ahunṣọ bá hun ún láìsí àṣìṣe, ojú kan náà ló máa jẹ́ láti etí dé etí. Ṣùgbọ́n kò sí kúọ́ọ̀tìsì tí a hun bẹ́ẹ̀. Níbi tó yẹ kí sílíkọ́ọ̀nù wà, alumíníọ́ọ̀mù ti bọ́ sí i níhìn-ín, títáníọ́ọ̀mù ti bọ́ sí i lọ́hùn-ún. Òwú ọ́ksíjìn kan já, òmíràn kò sí níbẹ̀ rárá. Tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tá a ta bá ya lu òkúta, á ti àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú rẹ̀ gòkè. Wọn kò lè dúró sókè. Wọ́n ń padà bọ̀ wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú agbára tí wọ́n gbé bọ̀ á di ooru, a ò ní rí i. Àwọn tó bá já sójú àbùkù ló ń ju agbára wọn sílẹ̀ bí ìmọ́lẹ̀, irú àbùkù kọ̀ọ̀kan sì ní àwọ̀ tirẹ̀. Òwú ọ́ksíjìn tó já ló ń mú pupa wá. Títáníọ́ọ̀mù máa ń mú àwọ̀ aró lágbára, ó sì máa ń pọ̀ sí i nínú kúọ́ọ̀tìsì tó dì nígbà tí ooru pọ̀. Nítorí náà ìmọ́lẹ̀ yìí lè sọ ìtàn ìbí òkúta fún wa. Kò sọ iye tí wọ́n ń tà á.

Ó wá kan àbúrò mi. Ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ló wọlé wá bá mi ní Mọ́níyà, inú rẹ̀ ń dùn, ó na fóònù sí mi. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó, iná ń jó nínú rẹ̀!” Ó ti bá ọkùnrin kan pàdé ní òtẹ́ẹ̀lì kan, ẹni tó ní òun ń ta ìpín lára òkè kan lẹ́bàá abúlé ìyá wa. Ọkùnrin náà gbé òkúta funfun kan tó tó orí ọmọdé fún un, ó fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀, ó ní Jámánì ni wọ́n ti ya fọ́tò inú òkúta náà, pé ibi tó mọ́lẹ̀ níbẹ̀, wúrà ni. Àbúrò mi ti sanwó kó tó wá sọ́dọ̀ mi. Ìyẹn ló ń dùn mí jù. Ẹni tó mọ iṣẹ́ tí mo ṣe jẹ níbi tí irun mi fi funfun, òun ló lọ bá àjèjì ní òtẹ́ẹ̀lì.

Mo gba fóònù, mo fẹ àwòrán náà lójú. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Hóró róbótó róbótó ni mo rí, àwọ̀ aró, pupa, aró, òkùnkùn sì yí wọn ká. Ẹ̀yin èèyàn mi, òkúta oníyanrìn nìyẹn! Irú rẹ̀ tí mo yà ní Aberdeen lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Òkúta funfun tó wà lórí tábìlì mi kò ní hóró kankan nínú. Odidi kan ni, láti inú pàlàpálá àpáta. Èèyàn kò lè gé irú òkúta bẹ́ẹ̀ kó rí hóró iyanrìn róbótó nínú rẹ̀, bí ìgbà téèyàn kò ṣe lè gé iṣu kó bá ẹ̀wà nínú rẹ̀. Fọ́tò òkúta mìíràn ni wọ́n fi lu àbúrò mi ní jìbìtì. Ẹ̀rín náà tán lẹ́nu mi nígbà tí mo wo ojú rẹ̀.

Mo wá sọ èyí tó jù fún un, òun náà ni mo fẹ́ kí akọ̀ròyìn yín gbọ́. Wúrà kì í tàn lábẹ́ ẹ̀rọ yìí. Irin ni wúrà, àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú irin kò ní ibi tí wọ́n ti ń já bọ́ lọ́nà tó lè mú irú ìmọ́lẹ̀ yìí jáde. Bí wúrà bá wà nínú òkúta tí a gbé síbẹ̀, dúdú ló máa yọ láàárín kúọ́ọ̀tìsì tó ń tàn. Ẹni tó bá nàka sí ibi tó mọ́lẹ̀ tó ní wúrà nìyẹn, yálà kò mọ̀ ọ́n tàbí olè ni.

N kò sọ pé kò sí wúrà nínú òkúta funfun rí o. Mo jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà, mo mọ ìlú Ìpérìndó, inú irú kúọ́ọ̀tìsì tó dì sí pàlàpálá àpáta bẹ́ẹ̀ ni wúrà wọn wà. Láti 2021 tí ilé iṣẹ́ ìwakùsà Ṣẹ́gilọlá ti ń yọ wúrà ní Ọ̀ṣun, gbogbo ẹni tó ní òkúta funfun lẹ́yìnkùlé ti ń lálàá. Ṣùgbọ́n a kì í fi ìmọ́lẹ̀ wá a. Wọ́n á fọ́ òkúta náà, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á yọ́ ọ mọ́ òjé nínú iná ìléru kí wúrà lè kó sínú òjé, wọ́n á sì wọ̀n ọ́n. Ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀ sì ni lábẹ́ òfin 2007. Àbújá ni wọ́n ti ń gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Ìpín lára òkè kì í wà lọ́wọ́ ẹni tó jókòó sí òtẹ́ẹ̀lì.

Ọ̀rọ̀ “òkúta lásán” yẹn náà kò dùn mọ́ mi. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ dígí tó lé ní 12,000 ni àwọn awalẹ̀pìtàn wà jáde, pẹ̀lú àṣẹ́kù dígí tó wọn kìlógíráàmù mélòó kan, láti ìgbà tó jẹ́ nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sí ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn. Iyanrìn ni àwọn bàbá wa yọ́. Dígí wọn ní káálísíọ́ọ̀mù àti alumíníọ́ọ̀mù púpọ̀ nínú, irú èyí tí kò jọ ti Lárúbáwá tàbí ti òyìnbó, òun ni wọ́n fi mọ̀ pé a kò rà á níbì kankan. Wọn kò dúró kó kọ́kọ́ tàn fún wọn.

Owó àbúrò mi kò tíì padà. Òṣómàáló ni bàbá wa nígbà ayé rẹ̀. Bó bá ṣe pé ó wà, òun ni ì bá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ọkùnrin náà títí yóò fi sanwó. Bí àbúrò mi bá lóṣòó báyìí, kò ní lè dìde mọ́. Ẹ bá mi tún ọ̀rọ̀ akọ̀ròyìn yín ṣe ní ojú ìwé kan náà tí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ tóbi, torí pé wọ́n ti gé àròkọ yẹn, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò wa. Mo fojú ara mi rí i.

Òkúta náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn pálọ̀ mi, òun ló ń dì í mú kí atẹ́gùn má máa gbá a. Bí akọ̀ròyìn yín bá fẹ́ rí i, kó wá. Kó mú ọ̀bẹ kan dání: ọ̀bẹ kò ní lè ha á, òun ló máa ha ọ̀bẹ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá Ṣadé, Mọ́níyà, Ìbàdàn